Omi Tuntun Rú

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń sáré kó aṣọ tí wọ́n sá síta, torí nígbà tí mo ń bọ̀ láti Awo, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ kó aṣọ náà tán, kẹ́ ẹ wá jókòó ti rédíò yín. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹja àti ọ̀rẹ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, àmọ́ tiwa ti lé ní ogójì ọdún, a ò sì tíì sú ara wa. Ọmọ Awo ni àwa méjèèjì. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ń jẹ́ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́. Ẹ fẹnu ara yín pè é wò, ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú orúkọ náà. Ilé kan péré ló wà láàrin ilé bàbá mi àti ilé bàbá tirẹ̀. Èmi di tíṣà, mo jókòó sílé. Òun ré kọjá sílùú òyìnbó, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti di Bàbá Ìbejì. Tíṣà ló ń pè mí, Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ wá lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ìyá wa nìkan ló ṣì ń lò ó.

Ìwọ̀ la fi ṣeré dàgbà. Bí a bá ti dé láti iléèwé, a ó gbẹ́ ekòló níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí lẹ́yìn ilé, a ó kó o sínú agolo mílíìkì pẹ̀lú erùpẹ̀ díẹ̀. Ọparun ni ọ̀pá wa. A ó wá bàtà sílípáàsì tó ti já, a ó gé etí rẹ̀, a ó lu ú níhò, a ó fi okùn náílọ́ọ̀nù kọ́ ọ. Òun ni yóò máa léfòó. Bó bá kàn ń mì tìtì lójú omi, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń jẹ ekòló yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá rì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fà á, ẹ̀pìyà ti gbé e mì.

Nǹkan tí a ń ṣe nìyẹn kí ó tó lọ. Kò sì fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí oṣù kẹrin bá ti wọlé lọ́dọọdún, fọ́tò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lu Wátsáàpù mi. Ẹ ó rí i nínú ọkọ̀ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo erèé, imú rẹ̀ pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n, òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà nínú èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Káyáàkì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Àwọn Inuit, ẹ̀yà tó ń gbé níbi tí òkun ti ń dì gbagidi ní ìpẹ̀kun ayé lápá òkè, ló ni ín. Awọ ẹran omi ni wọ́n ń nà bo egungun àti igi, ihò tí èèyàn kan lè jókòó sí nìkan ni wọ́n ń dá sí lórí rẹ̀. Ike ni tòde òní.

Trout ni ẹja tó ń wá kiri. Mi ò ní orúkọ Yorùbá tí mo lè fún un, torí kò sí nínú omi wa, kò sì lè sí. Ẹja òtútù ni. Omi tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti di ìnira fún un. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kiri. Ní 1905, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Ewart Grogan kó o láti Skọ́tílándì lọ da sínú odò Gura ní Kẹ́ńyà. Ó yè níbẹ̀, torí orí òkè Aberdare ni odò náà ti ń ṣàn bọ̀, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ká ní odò Erinlẹ̀ tiwa ni wọ́n dà á sí ni, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì bá tó mọ́ ká tó máa ṣa òkú rẹ̀.

Wọn kì í sì í sábà fi ekòló pa á. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò tó já sómi. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ̀tàn lẹ fi ń jẹun níbẹ̀ yẹn.” Ó ní ẹ̀tàn tó lówó nínú ni. Ó ní ẹni tó bá ti pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sómi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, lẹ́yìn ìyẹn ẹni tó ni etí odò á tún gba tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo rò ó wò: bàbá tó jókòó létí omi ní Awo pẹ̀lú ọparun rẹ̀, ta ni yóò lọ bi í níwèé?

Ó wí fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn pé òun ń bọ̀ nílé lóṣù kẹrin. Ó ní òun ti ṣèṣirò rẹ̀: bí yìnyín bá ti yọ́ tán lọ́hùn-ún, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ìgbà yẹn ni ebi ń pa trout, ìgbà yẹn ni ẹja ń jẹ ìwọ̀. Àkọ́rọ̀ tiwa, ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí ilẹ̀ rú, àsìkò kan náà ni lójú tirẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀. Èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dé pẹ̀lú báàgì kan tó tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Ó ní káyáàkì ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ọkọ̀ wo ló ń wọ báàgì? Ó tú u sílẹ̀: rọ́bà ni, bọ́ọ̀lù ni wọ́n sọ di ọkọ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló bá wa fi ẹsẹ̀ tẹ pọ́ǹpù rẹ̀. Ó tún mú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wá, méjì, aláwọ̀ ọsàn. Ẹ̀wù yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo ẹrù rẹ̀, mo sì ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ lórí omi láìwọ nǹkan kan, tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ mọ̀wẹ̀.

Orí adágún tí dáàmù Erinlẹ̀ sé la lọ. Káyáàkì náà yá létí omi bí ẹni ń fò. Àmọ́ adágún tí èèyàn fọwọ́ ṣe kò dà bí odò tí Ọlọ́run dá. Ilẹ̀ tí igi ń hù lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lomi bò mọ́lẹ̀, kùkùté igi sì ṣì nàró lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. A kò tíì rìn ju bí ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé lọ tí mo gbọ́ ṣíìì. Mo kọ́kọ́ rò pé ejò ni. Bàbá Ìbejì wo ìsàlẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ọkọ̀ ń mí o.” Nígbà tí a fi dé etí ilẹ̀, àyà wa ni omi dé.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan. Ọmọkùnrin náà yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó gbọn orí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mọ́tò wo lẹ ti yọ eléyìí?” Ó ṣáà lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, apẹja kan tó mọ̀ wá yá wa ní ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀. Owó kọ́ ló gbà. Ó ní ká fún òun ní ẹja kan nínú èyí tí a bá pa. Ọkọ̀ náà ń jò níwọ̀nba, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi igbá gbọ́n omi rẹ̀ dànù bí ẹnì kejì ṣe ń wà á. Èmi jókòó sórí ọkọ̀, òun sídìí pẹ̀lú àjẹ̀. Ọ̀gá káyáàkì kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ ẹlẹ́nu kan wa ọkọ̀ mọ́. Ọdún mélòó ló ti fi ń lo àjẹ̀ ẹlẹ́nu méjì! Òbìrìpé là ń yí. Mo sọ ìtàn Mary Kingsley fún un, obìnrin òyìnbó tó wá kó ẹja ilẹ̀ wa lọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1893 sí 1895. Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí odò Ogowé ní Gàbọ́ọ̀nù, tòun ti síkẹ́ẹ̀tì gígùn rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú ẹja tó kó lọ títí dòní. Mo ní, “Síkẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ o, ìwọ wọ ṣòkòtò, o ò sì mọ̀ ọ́n wà.” Ìbínú yẹn ló mú ọkọ̀ tọ́.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Omi ti gun orí koríko etí adágún, ibi tí a rìn kọjá láìbọ́ bàtà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ti di omi tó dé orúnkún. Lékeléke méjì dúró sínú rẹ̀ bí ẹni ń retí ọkọ̀ èrò. Ẹ̀pìyà mẹ́rin la ti rí, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bàbá Ìbejì ní ká sún mọ́ inú koríko yẹn.

Sílípáàsì kò mì. Ó kàn wọlẹ̀ ni, kò padà. Okùn náà ń fà lọ sínú koríko, ọparun tẹ̀ kọdọrọ, mo ń pariwo pé kó má fà á tipátipá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí orí rẹ̀ tó yọ: orí fẹ̀ẹ̀ pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n mẹ́jọ, ojú wínníwínní méjì. Àrọ̀ ni. Àrọ̀ gidi, gígùn rẹ̀ tó apá mi. Nígbà tí a gbé e wọ inú ọkọ̀, ó fi ẹ̀gún apá rẹ̀ gún Bàbá Ìbejì ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ yọ, ọ̀rẹ́ mi kò wò ó. Ó gbá ẹja mọ́ra bí ọmọ. Bó ṣe fún un mọ́ àyà báyìí ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Wóró wóró ni, ó dà bí gàrí tó rin, àmọ́ ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ irun ọwọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ aago rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà! Ẹlẹ́yin ni!”

Mo ní, “Mo rí i. Dá a padà.”

“Kí n ṣe kí ni?”

“Dá a padà sómi, Bàbá Ìbejì. Ọmọ ló fẹ́ lọ bí.”

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ní ìyá òun ti lọ ata sílẹ̀. Ó ní láti ìlú òyìnbó lòun ti ń lá àlá ẹja yìí. Ó ní lọ́hùn-ún òun ti dá trout tó lé lógún padà sómi nítorí òfin, ṣé nílé bàbá òun náà ni òun yóò ti tún máa dá ẹja padà? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo dákẹ́.

A gbé e lọ sílé. Mo jẹ ẹ́ o. Mi ò ní purọ́ fún yín lórí afẹ́fẹ́. Ìyá rẹ̀ se ẹyin náà lọ́tọ̀ pẹ̀lú ata rodo àti irú, wọ́n bù ú fún mi kún àwo, ó sì dùn.

Àmọ́ tíṣà ni mí, iṣẹ́ kì í sì í fini sílẹ̀. Kí wọ́n tó se é, mo bu ẹyin náà tó ṣíbí kékeré kan sórí bébà, mo ní kí n kà á. Mo ka ẹgbẹ̀rún kan, ojú mi ń ṣe bàìbàì, ìdajì ṣíbí ṣì wà níbẹ̀. Abo àrọ̀ tó wọn kílò kan lè gbé ẹyin tó lé ní 50,000 sínú. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ọjọ́ kan àtààbọ̀ kò ní kọjá kí ẹyin tó di ọmọ. Ọ̀pọ̀ ni ẹja mìíràn àti kòkòrò omi yóò jẹ, torí ìyá wọn kì í dúró tọ́ wọn. Bó bá ti yé e sórí koríko tí omi bò, ó ti lọ nìyẹn. Ọgbọ́n tó dá ni pé kó yé e púpọ̀. Ìdí tó fi ń wá koríko tuntun yẹn náà nìyẹn: oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, omi rẹ̀ kò jìn, ẹja ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ó sì lè mí afẹ́fẹ́ òkè bíi tiwa, kò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Àwọn tó pa á lówe pé omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ayé ni wọ́n fi ń sọ, àmọ́ ojú wọn ló rí i létí omi lákọ́rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ibi tí ìṣirò ọ̀rẹ́ mi ti ṣìnà nìyí, tèmi náà sì bá a ṣìnà. Ìgbà òtútù ni trout ń yé ẹyin tirẹ̀, ó ń gbẹ́ ihò sáàrin òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò. Nígbà tí oṣù kẹrin bá fi dé, ó ti bímọ tán, ara rẹ̀ gbẹ, ebi ló ń pa á. Ẹni tó pa á nígbà yẹn kò pa aboyún. Àrọ̀ tiwa ńkọ́? Oṣù kẹrin gan-an ni ikùn rẹ̀ kún. Àsìkò kan náà kọ́ rárá. Oṣù ló papọ̀. Àwọn òyìnbó fúnra wọn mọ ìyàtọ̀ yìí. Àwọn ẹja odò wọn mìíràn, àwọn tó ń yé ẹyin nígbà tí ojú ọjọ́ bá yá, òfin fi wọ́n sábẹ́ ààbò: láti 15 oṣù kẹta títí di 15 oṣù kẹfà lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ wá wọn lórí odò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ìwé àṣẹ tí mo fi rẹ́rìn-ín yẹn, mo kó ẹ̀rín mi jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ló máa kọ́ wa ní èèwọ̀. Yemọja, yèyé ọmọ ẹja, ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ wo àwọn ará Òṣogbo, aládùúgbò wa, oyè ọba wọn ni Àtáọ́ja: a tẹ́wọ́ gba ẹja. Ẹja ló jáde wá bá ọba wọn níbi tó ti ń bá Ọ̀ṣun mulẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pìtàn rẹ̀, kì í ṣe ọba ló ju àwọ̀n sí ẹja. Títí dòní, wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Nígbà tí UNESCO fi igbó náà kún ogún gbogbo ayé ní 2005, èèwọ̀ náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Erinlẹ̀ tiwa ńkọ́? Ọdẹ ni, kó tó wọlẹ̀ di odò, àwọn ará Ìlobùú ló lè ròyìn rẹ̀ jù mí lọ. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í yìnbọn sí aboyún ẹtu.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ níbi tó jókòó sí pé ìwọ̀ tíṣà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ló ń pa odò run. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń da gamalíìnì sómi ni wàhálà gidi. Oògùn kòkòrò kòkó ni; wọ́n á gbé e láti oko wá sódò, wọ́n á dà á sílẹ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí ti léfòó, ńlá àti kékeré, wọ́n á ṣa èyí tó tóbi lọ sọ́jà fún èmi àti ẹ̀yin láti jẹ. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pẹja, odò ló pa, àwọn tó bá jẹ nínú rẹ̀ náà kò sì bọ́. Odò Ọ̀ṣun tún ní wàhálà tirẹ̀: àwọn tó ń wa góòlù lókè lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi rẹ̀ di àwọ̀ tíì oní mílíìkì. Apá àríwá ni Erinlẹ̀ ti ń bọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀nà wọn kò pa pọ̀ títí wọ́n fi pàdé lápá Ẹdẹ. Èyí tó ṣì mọ́ díẹ̀ yìí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èmi àti Bàbá Ìbejì ti fẹnu kò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wá lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí omi fà, tí àrọ̀ kóra jọ sínú ibú. A pa mẹ́ta, a la ikùn wọn, kò sí ẹyin níbẹ̀. Ó ní òtútù ọyẹ́ kò tó nǹkan lójú tòun, ẹ̀rín ló ń fi mí rín bí mo ṣe ń gbọ̀n. Lọ́dún yìí, àárò àkọ́rọ̀ tún mú un, ó ti dé láti ọjọ́ Ajé. Káyáàkì náà bá a dé, tòun ti àpá ibi tí fọkanáísà lẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀pìyà nìkan la ó pa. Ẹ̀pìyà kò ní àsìkò kan pàtó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé yípo ọdún ló ń bímọ, kò ní tán lọ́wọ́ wa. Bí àrọ̀ bá gbé ìwọ̀ wa, a ó gé okùn. Mo ti mú ọ̀bẹ dání.

Ẹ̀yin apẹja tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi ní Awo, ní Ìlobùú, ní Òkinni, ní Ìragbèrí, ní Ẹdẹ, mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹun o. Ẹ bá wa fi àrọ̀ tí ikùn rẹ̀ bá kún sílẹ̀ títí oṣù kẹfà yóò fi parí. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá wa wakọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ la ó ti wà létí omi. Kó mú ekòló tirẹ̀ dání, kó sì mú igbá tí a ó fi máa gbọ́n omi.